Eruku kòtò kò mọ sí ẹ̀dọ̀fóró: ohun tí iṣẹ́ ìwakùsà ń ṣe sí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀

Bí èèyàn bá dárúkọ Ọ̀fàdà, ìrẹsì ló máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ìrẹsì náà ló gbé orúkọ ìlú yìí, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, dé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Èkó àti nílùú òyìnbó. Àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́ mọ̀ pé èèyàn ní láti ṣa òkúta inú rẹ̀ dáadáa kó tó gbé e kaná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eyín ni yóò sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe èyí tí eyín lè pàdé. Òkúta tó ti di eruku ni, èyí tó kéré débi pé ojú kò lè rí i, tí àwọn ọmọ wa tó ń fọ́ òkúta tàbí tó ń wa ilẹ̀ ń fà símú lójoojúmọ́. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé eruku a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọkàn àti àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà náà ń jìyà rẹ̀, àti pé nígbà mìíràn, ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ kùsà. Láti ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ewékorò, tí wọ́n ń wa òkúta ẹfun nínú ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ti Ìbeṣè ní ilẹ̀ Yewa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Ní agbègbè Ọ̀dẹ́dá, ibùdó tí wọ́n ti ń fi ohun abúgbàù fọ́ òkúta pọ̀. Ní ọ̀nà Mowé sí Ọ̀fàdà, bí Èkó ṣe ń gbòòrò bọ̀ ni àwọn tó ń wa yanrìn àti ilẹ̀ pupa fún kíkọ́ ilé ń pọ̀ sí i. Ojú ilẹ̀ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, lábẹ́ oòrùn gbangba. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wọnú ilẹ̀ lọ ṣe, tí èèyàn yóò wà nínú òkùnkùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Èyí tí a mọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà ni ti èédú ilẹ̀ ní Enugu. Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú náà, 1915 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ti yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Iva Valley ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, nígbà tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ lọ wo agbègbè Iléṣà, ní Ìtagunmọ́dì àti Igun, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbẹ́ kòtò wá góòlù.

Ìdí tí a fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ ni pé ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń ba ọkàn jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí ti pàdé lójú kan: eruku, èéfín, ooru, ariwo, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, àti iṣẹ́ àṣekára láìsí oorun tó pé. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò yóò mọ èyí tó ń bá òṣìṣẹ́ tiwa lórí ilẹ̀, tí kò sì fura.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọkàn ṣe rí. Kò ju ìkúùkù olówó rẹ̀ lọ, ó sì ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lóòjọ́. Apá méjì ló ní. Apá òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi nípọn tó sì lágbára. Apá ọ̀tún kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà kúkúrú ló ń rán ẹ̀jẹ̀ lọ: inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tuntun. Ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀fóró rọ̀, ó fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi apá ọ̀tún yìí sọ́kàn, òun ni eruku ń bá jà.

Nínú òkúta líle bíi ti Olúmọ, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní sílíkà. Ó pọ̀ nínú yanrìn pẹ̀lú. Níwọ̀n ìgbà tí òkúta bá wà lódidi, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn Ẹ̀gbá fi Olúmọ ṣe ààbò. Ìgbà tí wọ́n bá lù ú, tí wọ́n gé e, tí wọ́n lọ̀ ọ́, ni sílíkà náà di eruku tó kéré ju ìdá mẹ́wàá ìbú irun orí kan lọ. Eruku ńlá a máa há sí imú, èèyàn a fọn ọ́n dànù. Èyí tó kéré náà kò ní há síbì kankan. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró pátápátá ló ń lọ. Àwọn ọmọ ogun ara yóò gbìyànjú láti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òkúta kò ṣeé jẹ. Wọn a kú lórí rẹ̀, ibẹ̀ a wú, a sì di àpá. Àpá lórí àpá, títí ẹ̀dọ̀fóró tó rọ̀ bíi kànrìnkàn yóò fi le. Àrùn yìí kò ní oògùn tó lè yí i padà. Ó tún ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí kòkòrò ikọ́ náà kì í rí alátakò mọ́ nínú irú ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀. Láti 1997 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ ti fi sílíkà sí ara ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá le, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ a fún, òmíràn a dí pátápátá. Ọ̀nà tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá di tóóró. Apá ọ̀tún ọkàn, tí a ní kò lágbára púpọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ti ẹ̀jẹ̀. Bí apá ẹni tó ń la igi ṣe ń nípọn ni òun náà yóò nípọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fẹ̀, tí yóò sì rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà lọ síwájú yóò dá dúró lẹ́yìn. Iṣan ọrùn a yọ, ẹ̀dọ̀ a wú, ikùn a kún fún omi, ẹsẹ̀ méjèèjì a wú débi pé bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ yóò jìn. Ọkùnrin tó ti lè gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì tẹ́lẹ̀ kò ní lè rìn dé ìta láìsinmi.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni àwa Yorùbá ti máa ń ṣìnà. Bí ẹsẹ̀ bá wú báyìí, ohun tí ilé yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ó ti tẹ nǹkan, pé ẹnìkan tí kò fẹ́ kó rọ́wọ́ mú ló da oògùn sílẹ̀ fún un. Wọn a gbé e kiri ilé oníṣègùn, oṣù yóò gorí oṣù. A kò bú oníṣègùn ìbílẹ̀, a mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fọ́ òkúta fún ọdún mẹ́wàá, tó ń húkọ́, tí mímí ń ni lára, tí ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ sì wú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òkúta tó fà símú ló yẹ kí ilé kọ́kọ́ fura sí, kó tó kan ọ̀tá.

Ọ̀nà kejì tí eruku ń gbà dé ọkàn kò gba ọdún mẹ́wàá. Eruku tó kéré jù lọ, pàápàá èyí tó bá èéfín ẹ́ńjìnnì dísù jáde, a máa mú kí ara gbóná nínú lọ́hùn-ún bí ìgbà tí egbò bá wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a túbọ̀ máa dì, ara iṣan a le, ọ̀rá tó ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan a rọrùn láti já. Bí ó bá já ní iṣan tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìkọlù ọkàn. Bí ó bá jẹ́ ní ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Nínú kòtò abẹ́ ilẹ̀, tí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ dísù ń tú èéfín sí ibi tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́, èéfín yìí a pọ̀ ju ti ojú títì lọ fíìfíì. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí awakùsà tó lé ní 12,000 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2012, wà lára ohun tó mú kí wọ́n kéde ní ọdún náà gan-an pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Jẹjẹrẹ ló gba àkọlé ìwé ìròyìn nígbà náà, kò sì sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ọkàn.

Èéfín mìíràn wà tó burú ju ìyẹn lọ, nítorí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Carbon monoxide ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Láti inú ohun tó bá ń jó láìrí atẹ́gùn tó ni ó ti ń wá. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa, tó yẹ kó máa gbé afẹ́fẹ́ rere kiri ara, a máa dì mọ́ èéfín yìí tagbáratagbára, ó lé ní ìlọ́po 200 bó ṣe ń dì mọ́ afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀jẹ̀ yóò wà, ọkàn yóò sì máa lù, ṣùgbọ́n òfìfo ni ọkàn ń rán kiri. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti dí díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹ kékeré ni àwọn awakùsà máa ń gbé dání wọnú kòtò. Bí ẹyẹ bá ṣubú, wọn a sá jáde. Ọdún 1986 ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀. Níhìn-ín, àwọn tó ń gbẹ́ kànga àti àwọn tó ń wá góòlù a máa gbé ẹ̀rọ afami tó ń lo epo bẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò láti fa omi. Ẹni àkọ́kọ́ yóò wọlẹ̀, kò ní jáde. Ẹnì kejì yóò wọlé láti gbé e, òun náà kò ní jáde. Wọn a ní ilẹ̀ ló gbé wọn. Ẹ̀rọ náà ni. Òkè ni kó máa wà, níbi tí èéfín rẹ̀ kò ti ní rí ọ̀nà padà sísàlẹ̀.

Ti ooru náà kò kéré. Bí kòtò ṣe ń jìn ni ilẹ̀ ń gbóná. Ní Mponeng ní Gúúsù Áfíríkà, tó jìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, òkúta ibẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, yìnyín ni wọ́n ń tú sísàlẹ̀ kí èèyàn tó lè ṣiṣẹ́. Àwa kò nílò kòtò kí ooru tó mú wa. Oòrùn ọ̀sán ní Ọ̀dẹ́dá tàbí Ọ̀fàdà lórí òkúta funfun ti tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọkàn ń ṣe nígbà ooru ni pé ó ń rán ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí awọ ara kí ara lè tutù, bẹ́ẹ̀ ni iṣan apá àti ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ náà ń bèèrè tirẹ̀. Òógùn sì ń mú omi jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ki. Ọkàn kan ló ń dá àwọn méjèèjì lóhùn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ti dínkù. Omi ló yẹ kí òṣìṣẹ́ máa mu díẹ̀díẹ̀ láìdúró de òùngbẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń mu dípò rẹ̀ ni paraga, wọ́n ní ó ń fún àwọn lókun. Ọtí a máa lé omi jáde lára, ó sì ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga. Àwọn mìíràn ti wá fi oògùn apàrora líle kún un kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó ti rẹ àwọn. Ara tó rẹ̀, tí kò lè sọ pé ó rẹ òun mọ́, ibẹ̀ ni ọkàn ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n yàtọ̀ díẹ̀, nítorí iṣan kéékèèké inú ìka ọwọ́ ló ń bàjẹ́. Ní 1918, dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Alice Hamilton, lọ wo àwọn tó ń gé òkúta ẹfun ní Bedford ní ìpínlẹ̀ Indiana. Irú òkúta tó wà ní Ewékorò nìyẹn. Ó rí i pé àwọn tó ń lo òòlù tí afẹ́fẹ́ ń lù máa ń rí kí ìka wọn funfun bí ẹfun ní àárọ̀ tí òtútù bá mú, tí wọn kò sì ní mọ nǹkan kan lára mọ́ níbẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ náà ti ba iṣan àti okùn ìmọ̀lára ìka jẹ́, débi pé bí òtútù díẹ̀ bá fọwọ́ kàn án, iṣan a dì pa. Ní ilẹ̀ tiwa tí kò sí òtútù, ìka kì í sábà funfun, èyí sì léwu ní tirẹ̀, nítorí kò ní sí àmì tí ojú yóò rí. Ọwọ́ yóò kàn máa ta yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ lóru, bọ́tìnnì yóò ṣòroó dè, nǹkan yóò máa já bọ́ lọ́wọ́. Bí àárọ̀ ọyẹ́ bá ti ń mú ìka òṣìṣẹ́ kan kú ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kó tètè fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ná.

Ariwo àti àìsùn ni a óò yára mẹ́nu bà. Ariwo tó bá kọjá ìwọ̀n 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ, èyí tí ẹ̀rọ ìlu-òkúta kọjá dáadáa, a máa jẹ́ kí ara wà bí ẹni tó ń sá fún ewu, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ru. Ti àṣejù iṣẹ́, àjọ ìlera àgbáyé àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé gbé ìṣirò jáde ní 2021 pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún sún mọ́ rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 sí 40 lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń ti aago mẹ́fà àárọ̀ fọ́ òkúta di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé di Àbámẹ́ta, ẹ bá wa ṣírò tirẹ̀.

Òjé náà wà níbẹ̀. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn tó ń lọ òkúta góòlù nínú ilé wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà. Ọmọdé tó kú lé ní 400. Ikú àwọn ọmọ ni ayé rí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjé tí kò tó láti pa àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan a máa wọnú egungun rẹ̀, a máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì máa le iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní 2023 sọ pé ní 2019 nìkan, àgbàlagbà bíi mílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀ ni àrùn ọkàn tí òjé fà pa káàkiri ayé.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí iṣẹ́ yìí bá burú tó báyìí, kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe é fi taagun tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí kò lágbára kì í gba irú iṣẹ́ náà, ẹni tó bá sì ti ń ṣàìsàn yóò fi í sílẹ̀ wálé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ka àwọn tó wà níbi iṣẹ́, aláìsàn kò ní sí láàárín wọn. Ilé ni kí ẹ ti kà wọ́n, ní abúlé tí wọ́n padà sí. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Gúúsù Áfíríkà: àwọn awakùsà góòlù láti Lesotho àti Mozambique padà sílé wọn lọ kú, iye wọn kò sì hàn nínú ìwé ilé iṣẹ́ kankan. Ó gba ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ kí àwọn ilé iṣẹ́ góòlù mẹ́fà tó gbà ní 2018 láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún owó rand, tí ilé ẹjọ́ ní Johannesburg sì fọwọ́ sí i ní 2019. Ti àrùn sílíkà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni owó náà wà fún. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí rọpárọsẹ̀ bá mú láti inú iṣẹ́ náà kò sí nínú ẹ̀, nítorí àìsàn tó ń mú gbogbo èèyàn ṣòroó fi han adájọ́ pé ibi iṣẹ́ ló ti wá.

Ní Nàìjíríà, òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò àjọ NSITF, kí ẹni tó bá fara pa tàbí tó kó àrùn níbi iṣẹ́ lè rí nǹkan gbà. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lójúmọ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n sì pọn ọmọ sẹ́yìn, báwo ni òfin náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn? Èrò tiwa ni pé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó lórí gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé yanrìn kọjá lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sí gbogbo ilé ìwòsàn kékeré tó wà lágbègbè náà.

Ní ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, omi ni ohun tó pọn dandan jù. Kí wọ́n rẹ òkúta kí wọ́n tó lù ú, kí wọ́n sì máa da omi sí ojú ẹ̀rọ. Eruku tó bá tutù kò lè fò. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò lè dá sílíkà dúró, irú èyí tí wọ́n ń pè ní N95 ló lè ṣe é, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Kí òṣìṣẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó wọlé lọ bá ọmọ. Sìgá tí a bá fi kún eruku ń mú ọ̀rọ̀ yá sí i ni. Kó sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí ara tó sọ fún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sọ̀rọ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá ń dé 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ 90, ní ọjọ́ bíi mélòó kan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti tó ohun tí èèyàn ń lọ bá dókítà fún.

Bó bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba tàbí ní Lántórò, kó má ṣe dúró de ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń bèèrè ọjọ́ orí àti oúnjẹ, tí wọ́n sì gbàgbé iṣẹ́. Kó sọ fún wọn pé òkúta ni òun ń fọ́, ọdún mélòó, ẹ̀rọ wo lòun ń lò, àti bóyá eruku tàbí èéfín dísù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ogún ọdún sẹ́yìn, kó ṣì sọ ọ́, nítorí eruku tó fà símú nígbà náà ṣì wà níbi tó wọlé sí.